Igbe Ọmọ Tí A Kò Rí

Ọmọ kan ń sunkún ní ìlú Yharnam, igbe rẹ̀ a sì máa dún láti ibi tí ojú kò tó. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn tilẹ̀ yẹ gbogbo òpópó ìlú náà wò láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, tó sì pa gbogbo ẹranko burúkú tó dènà dè é, kò ní fojú gán-án-ní ọmọ náà láéláé. Mergo ni orúkọ rẹ̀, inú géèmù ẹlẹ́rù-jẹ̀jẹ̀ tí à ń pè ní Bloodborne ló wà, àwọn tó ń gbá géèmù náà kò sì tíì yé jiyàn lórí ẹni tí í ṣe baba rẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ FromSoftware ti ilẹ̀ Japan ló ṣe é, Hidetaka Miyazaki ni olùdarí rẹ̀, oṣù Kẹta ọdún 2015 ló sì jáde fún ẹ̀rọ PlayStation 4. Àlejò kan ló wọ Yharnam, ìlú tí òkìkí rẹ̀ kàn nítorí ẹ̀jẹ̀ ìwòsàn tí wọ́n ń fà sí aláìsàn lára. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tó ń wo àrùn yìí kan náà ló ń sọ ènìyàn di ẹranko, tó fi di pé aládùúgbò ń dọdẹ aládùúgbò lóru. Bí àlejò yìí, tó ti di ọdẹ, ti ń wọ inú ọ̀rọ̀ náà lọ ló ń hàn sí i pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, pé àwọn ẹbọra kan tí wọ́n ń pè ní Àwọn Ẹni Ńlá ló wà nídìí ẹ̀jẹ̀ náà.

Ohun tó wú mi lórí jù ni bí wọ́n ti ń ka ojú inú fún ọdẹ bí ẹni ń ka owó ẹyọ. Bí kò bá ní rárá, ọmọlangidi kan tó wà nínú ọgbà àlá rẹ̀ kò ju ọmọlangidi lọ; bó bá ti ní ẹyọ kan, ọmọlangidi á dìde, á kí i káàbọ̀. Bó bá pé 40, ọdẹ á gbójú sókè, á sì rí Amygdala, ẹbọra alápá rẹpẹtẹ, tó lẹ̀ mọ́ ara ilé tí òun ti ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹbọra náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ojú ló ṣẹ̀ṣẹ̀ là.

Kò sí asọ̀tàn tó máa jókòó ti ni kó máa là á yéni. Ara ohun ìjà, ẹ̀wù àti òògùn ni wọ́n kọ gbólóhùn bí i méjì mẹ́ta sí, bí àpáàdì ìkòkò tí wọ́n fọ́n ká àgbàlá, àwọn tó ń gbá géèmù náà ló sì ń ṣà á jọ. Nínú irú àpáàdì bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti mọ Oedon, àìrí-bí-afẹ́fẹ́, ohùn tí kò ní ẹnu, ẹ̀jẹ̀ tí kò ní iṣan, ẹbọra tí kò ní ara rárá. Obìnrin kan, Arianna, tí ọdẹ lè rán lọ fi orí pamọ́ sí ilé ìsìn tó ń jẹ́ orúkọ Oedon, lóyún láàárín òru kan ṣoṣo, ó sì bí ohun tí kì í ṣe ènìyàn. Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Wọ́n ní Oedon ló ni oyún náà, àti pé òun kan náà ló fún Ayaba Yharnam lóyún Mergo. Àwọn mìíràn tako èyí, wọ́n ní obìnrin tó sọ ara rẹ̀ di oníṣègùn Iosefka náà lóyún, bẹ́ẹ̀ ilé ìwòsàn tó ti ń fi ènìyàn dán nǹkan wò ló wà, kì í ṣe ilé ìsìn Oedon. Èmi fara mọ́ àwọn ti ìṣáájú, nítorí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ í ṣe kókó rẹ̀, kò síbi tí ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn dé tí kò lè dé. Àmọ́ àwọn tó sọ pé Oedon náà ni ẹbọra òṣùpá tó ń sọ̀ kalẹ̀ fún ọdẹ tó bá jẹ ìwọ́ ọmọ mẹ́ta, n kò lè bá wọn lọ: ẹni tí kò ní ara, báwo ni ọdẹ ṣe ń rí i gún? Ìwọ́ yẹn gan-an ló sì gbé ọ̀rọ̀ tó wúwo jù, nítorí ara rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé gbogbo Ẹni Ńlá ló ń pàdánù ọmọ, tí wọ́n sì ń wá arọ́pò. Ọdẹ tó bá jẹ mẹ́ta tó sì ṣẹ́gun ẹbọra òṣùpá, òun fúnra rẹ̀ ló ń di ìkókó ẹbọra.

Orúkọ pàápàá kò dúró sójú kan. Kos ni wọ́n ń pe ẹbọra òkun kan, tí òkú rẹ̀ wà létí omi ní abúlé apẹja; ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Micolash, tó ń ké pè é, sọ pé àwọn kan ń pè é ní Kosm; nínú èdè Japan, ìró G ni orúkọ náà fi bẹ̀rẹ̀.

Miyazaki ti sọ fún akọ̀ròyìn pé nígbà tí òun wà lọ́mọdé, tí àwọn òbí òun kò lówó púpọ̀ lọ́wọ́, òun a máa yá ìwé ní ilé ìkàwé, tó fi mọ́ ìwé Gẹ̀ẹ́sì tí kò yé òun tán, òun a sì máa fi èrò ọkàn òun dí ibi tí kò yé òun. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, bó bá dé inú rẹ̀ a di odidi. Ọmọ tó fi ààbọ̀ ọ̀rọ̀ dàgbà ló wá ń fún àwọn ẹlòmíràn ní ààbọ̀.

Nígbà tí ọdẹ bá dé ibi tí alágbàtọ́ Mergo wà, á kọ́kọ́ bá ìyá ọmọ níta, tí wọ́n ti de ọwọ́ rẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ ti rin aṣọ funfun rẹ̀ níbi ikùn, tó ń sunkún. Kẹ̀kẹ́ ọmọ wà lọ́dọ̀ alágbàtọ́ náà. Bí ọdẹ bá ti pa alágbàtọ́ náà, igbe ọmọ á dákẹ́.