Àwọn Obìnrin Ẹlẹ́sìn Búdà Kò Gbà

Ẹ̀yin ènìyàn wa, ó lè yà yín lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn Búdà la gbé wá lọ́sẹ̀ yìí, nígbà tó jẹ́ pé Mùsùlùmí àti Onígbàgbọ́ ló pọ̀ jù nínú wa. Ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin inú ẹ̀sìn náà ló wọ̀ wá lára.

Ìtàn wọn ní Mahapajapati, àbúrò ìyá Búdà tó tọ́ ọ dàgbà, bẹ̀ ẹ́ ní Íńdíà láyé àtijọ́ pé kí obìnrin náà lè fi ilé sílẹ̀ wọ iṣẹ́ ìsìn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Búdà kọ̀. Ìgbà tí Ananda, ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, bi í bóyá obìnrin lè dé ibi tí ọkùnrin ń dé nínú ẹ̀kọ́ náà, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ó sì gbà. Ṣùgbọ́n òfin mẹ́jọ ló bá a wá. Ọ̀kan ni pé obìnrin tó ti lo 100 ọdún nínú iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ tẹrí ba fún ọkùnrin tó wọ̀ ọ́ lónìí. Ẹ gbọ́ ná, kí ìyá àgbà máa forí balẹ̀ fún ọmọ àná! Ọ̀pọ̀ obìnrin ọ̀mọ̀wé inú ẹ̀sìn náà ló ní àwọn ọkùnrin ló fi kún un lẹ́yìn Búdà.

Ní Thailand, àwọn obìnrin tó wọ aṣọ funfun ló ń gbá tẹ́ńpìlì, tí wọ́n ń dáná. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, tó bá di ìbò, wọ́n á ní ẹni ìsìn ni wọ́n, wọn kò gbọdọ̀ dì í; tó bá di ọkọ̀ ọ̀fẹ́ tí àwọn ọkùnrin ẹni ìsìn ń wọ̀, wọ́n di ará ìlú lásán. Àwa tí a ń gbé ìlú onílùú kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ irú èyí.

Ní 1928, olórí ẹ̀sìn pàṣẹ níbẹ̀ pé ọkùnrin kankan kò gbọdọ̀ fi obìnrin joyè náà. Wọ́n ní obìnrin olóyè ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi obìnrin joyè, ìran àwọn yẹn sì ti parẹ́. Ta ni yóò wá bẹ̀rẹ̀?

Chatsumarn Kabilsingh, olùkọ́ Yunifásítì Thammasat, abiyamọ ọlọ́mọ mẹ́ta, kò gbà. Àwọn obìnrin Sri Lanka ti gbé oyè náà dé Ṣáínà láti nǹkan bí 1,600 ọdún sẹ́yìn, kò sì parẹ́ lọ́hùn-ún. Àwọn ará Kòríà ló bá àwọn obìnrin Sri Lanka gbé e padà ní Sarnath, ní Íńdíà, ní 1996. Òun náà gba Sri Lanka lọ ní 2001. Ní 2003 ó joyè ní kíkún, ó di Dhammananda. Ó ní tọkùnrin tobìnrin ni Búdà fi ẹ̀sìn náà lé lọ́wọ́.

Ní 2014, ìgbìmọ̀ àwọn àgbà ẹ̀sìn Thailand tún tẹnu mọ́ òfin 1928 yẹn. Ní Bhutan ẹ̀wẹ̀, ní 2022, obìnrin tó lé ní 140 ló joyè ní kíkún pa pọ̀. Àwọn ti Dhammananda ní Nakhon Pathom kò dúró de ìwé àṣẹ: wọ́n a máa gbé abọ́ wọn jáde láàárọ̀, àwọn ará àdúgbò a sì máa bu oúnjẹ sí i.