Àwòrán Tí Í Ṣe Ìwé Ilẹ̀

Bí a bá dárúkọ ìwé ilẹ̀, bébà àti òǹtẹ̀ ni ó máa ń wá sí wa lọ́kàn. Ṣùgbọ́n àwọn Yolngu, ọmọ onílẹ̀ ní àríwá Ọsirélíà, ní irú mìíràn. Àwòrán ni. Ìdílé kọ̀ọ̀kan ní ilà àti àmì tirẹ̀, tí wọ́n ń fi amọ̀ pupa àti funfun yà. Ẹni tí kò ní ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀ kan kò gbọdọ̀ ya àwòrán rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí lórí rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi dúró.

Ní ọdún 1963 ìjọba gé apá kan nínú ilẹ̀ wọn ní Arnhem Land fún àwọn awakùsà, láìbi wọ́n léèrè. Ní Yirrkala, níbi tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì tẹ̀dó sí, àwọn àgbà ya àwòrán ilẹ̀ wọn sára pákó méjì tí gíga wọn tó ẹsẹ̀ bàtà 12, ọ̀kan fún ẹ̀yà Dhuwa, ọ̀kan fún ẹ̀yà Yirritja, wọ́n sì gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ pẹpẹ. (Ó tì mí lójú láti sọ pé ní àwọn ọdún 1970 a gbé wọn jù síta.) Lẹ́yìn náà ni wọ́n ya àwòrán yí etí èèpo igi ká, wọ́n lẹ ẹ̀bẹ̀ ní èdè wọn àti ní Gẹ̀ẹ́sì mọ́ àárín rẹ̀, wọ́n sì fi í ránṣẹ́ sí ilé aṣòfin ní Canberra ní oṣù August. Àárín ni aṣòfin lè kà. Etí, tí àlejò ìbá pè ní ọ̀ṣọ́, ni ẹ̀rí gan-an.

Ìgbìmọ̀ ìwádìí gbà pé ó yẹ kí a san owó gbà-má-bínú. Síbẹ̀ a wa kùsà náà, ilé ẹjọ́ sì wí ní 1971 pé òfin kò mọ irú ìní bẹ́ẹ̀. Ní 1976 ni òfin ẹ̀tọ́ ilẹ̀ wá jáde fún agbègbè náà.

Ní June 1988, ní Barunga, Galarrwuy Yunupingu, ẹni tí baba rẹ̀ wà nínú àwọn tí ó ya pákó ilé ìsìn náà, àti Wenten Rubuntja fi pátákó mìíràn lé Bob Hawke, olórí ìjọba, lọ́wọ́. Àwòrán ará àríwá àti ti ará aginjù àárín ilẹ̀ ni ó yí i ká; ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ bèèrè ẹ̀tọ́ ilẹ̀, ìṣàkóso ara ẹni àti májẹ̀mú. Hawke ṣèlérí májẹ̀mú, kò sì mú un ṣẹ. Ní December 1991, ní ọjọ́ ìkẹyìn rẹ̀ lórí àga, ó gbé pátákó náà kọ́ sára ògiri ilé aṣòfin. Ìjọba àpapọ̀ kò tíì bá wọn dá májẹ̀mú kankan.