Líle àti Ìpadàsípò Ohun Ìkọ́lé
Lẹ́yìn tí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan wó ní Garki, Abuja, lóṣù Kẹjọ ọdún 2023, ẹ̀kọ́ yìí kì í ṣe ti inú ìwé nìkan. Líle ni bí ohun kan ṣe ń kọ̀ láti nà lábẹ́ ẹrù. Ìpadàsípò ni bó ṣe ń padà sí ìwọ̀n rẹ̀ àtijọ́ bí a bá gbé ẹrù náà kúrò. Rọ́bà ń padà sípò, àmọ́ kò le. Irin pàápàá ń nà, bí ojú kò tilẹ̀ rí i: ìwọ̀n líle rẹ̀ tó 200 gigapascal, ti kọnkéré sì jẹ́ nǹkan bí 30. Síbẹ̀, líle kò sọ ibi tí ààlà wà. Ọ̀pá irin tó lágbára àti èyí tí kò lágbára ń nà bákan náà lábẹ́ ẹrù kékeré. Ìgbà tí ẹrù bá pọ̀ ni aláìlágbára yóò kọjá ààlà, tí kò sì ní padà mọ́. Ìdí nìyí tí a fi ń fa díẹ̀ nínú irin já nínú ẹ̀rọ ìdánwò kí a tó fi ìyókù kọ́lé.