Ìrántí Ajẹ́pè àti Ìrántí Àìpè: Àbá lórí Orúkọ Àìsàn kan

Ní ọdún 1980 ni ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọpọlọ ní Amẹ́ríkà fi àìsàn tí ń tẹ̀lé ogun, ìfipábánilòpọ̀ àti irú wọn sínú ìwé atọ́ka àrùn wọn lábẹ́ orúkọ tí a mọ̀ ọ́n sí lónìí. Bí a bá tú orúkọ náà lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan, 'wàhálà lẹ́yìn ìjàm̀bá' ni a óò rí. Èyí sọ ìgbà tí àìsàn náà ń bẹ̀rẹ̀. Kò sọ irú ohun tí ó jẹ́.

Àìsàn ìrántí ni. Ọ̀nà tí ọpọlọ ń gbà pa nǹkan mọ́ ju ẹyọ kan lọ. Ní 1911, Claparède, onímọ̀ ará Switzerland, ròyìn bí òun ṣe fi abẹ́rẹ́ pamọ́ sọ́wọ́, tí òun sì gún obìnrin kan tí iyè rẹ̀ ti ra. Nígbà tí ó tún nawọ́ sí i, obìnrin náà fa ọwọ́ sẹ́yìn, ṣùgbọ́n kò rántí pé wọ́n gún òun rí.

Ẹ̀yà ọpọlọ tí à ń pè ní hìpókám̀pọ́ọ̀sì ni ó ń so ìṣẹ̀lẹ̀ mọ́ ibi àti àkókò rẹ̀, tí a fi lè rò ó bí ìtàn. Àmígídálà ní tirẹ̀ ń so ìpayà mọ́ ohun tí a rí, tí a gbọ́ tàbí tí a gbóòórùn. Brewin, Dalgleish àti Joseph ṣàlàyé ní 1996 pé ìrántí tí kò ṣeé fẹnu rò ni ó ń borí nínú àìsàn yìí. Àwọn àgbà ti kíyè sí ohun tí ó jọ ọ́: ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá.

Nítorí náà, a dábàá pé:

(i) ìrántí ajẹ́pè: èyí tí ń dáhùn nígbà tí a bá pè é;
(ii) ìrántí àìpè: èyí tí ń dé fúnra rẹ̀;
(iii) àìsàn àjálù-àìtán: àìsàn ẹni tí àjálù rẹ̀ ti kọjá, ṣùgbọ́n tí kò tíì tán nínú rẹ̀.

Gírámà wa fara mọ́ ìyàtọ̀ yìí. Nínú 'Mo rántí rẹ̀', èmi ni olùwà. Nínú 'Ó sọ sí mi lọ́kàn', ohun náà ni olùwà. Bí ògbufọ̀ bá wá sọ fún aláìsàn pé 'Ò ń rántí rẹ̀ jù', ẹ̀bi ni ó dá a, bí ẹni pé òun ni ó ń pe ohun tí ń dé láìpè.

Orúkọ méjèèjì tún tọ́ka sí ọ̀nà ìtọ́jú. Nínú ọ̀kan lára àwọn ìtọ́jú tí ó gbéṣẹ́, aláìsàn a máa ro ìṣẹ̀lẹ̀ náà díẹ̀díẹ̀ níwájú oníṣègùn, títí àìpè yóò fi di ajẹ́pè. A fi àbá yìí síwájú ẹ̀yin olùkọ́ àti ògbufọ̀ fún àyẹ̀wò.