Wọ́n Yọ Òjé Kúrò Nínú Ọta, Wàhálà Kò Tán

Bí a bá la ọta M855, èyí tí àwọn ṣọ́jà Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í yìn ní àwọn ọdún 1980, sí méjì, ohun mẹ́ta la ó bá níbẹ̀. Bàbà fẹ́lẹ́ ló bò ó lára, irin ṣóńṣó kékeré wà níwájú, òjé ló sì kún ẹ̀yìn rẹ̀. Òjé náà kò ju nǹkan bíi gíráàmù méjì lọ. Ta ni yóò ka gíráàmù méjì sí? Àmọ́ ṣọ́jà kì í yin ẹyọ kan kó lọ sílé. Lọ́jọ́ ìdánrawò kan ṣoṣo, ẹgbẹ́ ọmọ ogun kan lè yin ẹgbẹẹgbẹ̀rún, kò sì sẹ́ni tó ń ṣà á padà. Inú òkìtì iyanrìn tó wà lẹ́yìn àmì ni gbogbo rẹ̀ ń wọ̀ sí, ibẹ̀ náà ni òjò ń bá a.

Òjé kì í ṣe àjèjì sí wa. Àwọn ọlọ́bàtálá ń fi ẹ̀gbà rẹ̀ sọ́wọ́. Òun náà ló pa ọmọdé tó ju irinwó lọ ní Zamfara lọ́dún 2010, nígbà tí àwọn òbí wọn ń lọ òkúta góòlù nínú agbo ilé, tí eruku rẹ̀ ń bà lé oúnjẹ àti ẹní ìsùn. Ẹni tó bá rántí ọ̀rọ̀ Zamfara kò ní béèrè ìdí tí ará ìlú fi lè kojú àwọn ológun orílẹ̀-èdè rẹ̀ lórí òjé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti gbóná jù ní Amẹ́ríkà ni Camp Edwards, pápá ìdánrawò ológun kan ní Cape Cod, ìpínlẹ̀ Massachusetts. Cape Cod jẹ́ ilẹ̀ tó nà sínú òkun bí apá tí èèyàn ká kò láti fi iṣan hàn. Yìnyín ayé àtijọ́ ló kó iyanrìn ibẹ̀ jọ, òjò tó bá sì rọ̀ lé e lórí kì í pẹ́ rì wọlé. Abẹ́ iyanrìn yẹn ni omi tí nǹkan bíi 200,000 èèyàn ń mu wà. Tó bá di ìgbà ooru tí àwọn olùgbafẹ́ wọ̀lú, wọ́n a tó 500,000. Kò sí odò ńlá kan tí wọ́n lè sá lọ bá bí kànga bá bà jẹ́. Ìdí nìyí tí EPA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó àyíká, fi kéde lọ́dún 1982 pé omi abẹ́ ilẹ̀ yẹn nìkan ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé. Orí omi yìí gan-an ni pápá ológun náà wà.

Òjé kọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ rí nínú omi náà. RDX ni, èròjà olóró tí wọ́n ń kì sínú ọta àgbá. Ọ̀rọ̀ RDX yìí yani lẹ́nu. Bí ọta àgbá bá bú dáadáa, iná a jó èròjà inú rẹ̀ tán pátápátá, ohun tó máa ń ṣẹ́ kù sórí ilẹ̀ kò tó nǹkan. Èyí tó bú lábọ̀, tó là sí wẹ́wẹ́ láì jóná, ni ọ̀tá. Ẹyọ kan ṣoṣo nínú irú rẹ̀ lè da RDX sílẹ̀ ju èyí tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọta tó bú dáadáa lè dà lọ. RDX kì í sì í lẹ̀ mọ́ iyanrìn. Òjò a máa yọ́ ọ díẹ̀díẹ̀, omi a sì máa gbé e lọ.

Lọ́dún 1997, EPA pàṣẹ pé kí wọ́n dẹ́kun yíyin ọta òjé, àgbá àti ohun abúgbàmù ní Camp Edwards. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí ní Amẹ́ríkà: àjọ àyíká pàṣẹ fún ológun pé kí wọ́n gbé ìbọn sílẹ̀, nítorí omi mímu. Àwọn ọ̀gá ológun kò fẹ́ kó di àṣà ní àwọn pápá yòókù, wọ́n sì tara ṣàṣà wá ọta mìíràn tí wọn yóò fi dánra wò.

Tungsten ni wọ́n bá dé. Tungsten ni okùn tín-ín-rín tó máa ń pọ́n yòò nínú gílóòbù iná àtijọ́. Ó wúwo ju òjé lọ. Wọ́n pò ó mọ́ náílọ́ọ̀nù kí ìwọ̀n rẹ̀ lè bá ti òjé dọ́gba, kí ọta má bàa yà kúrò lójú ọ̀nà. Ìwé àwọn onímọ̀ irin sọ pé kì í yọ́ nínú omi. Lọ́dún 1999 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yìn ín ní Camp Edwards, tí gbogbo èèyàn ń pè é ní ọta tí kì í ba ilẹ̀ jẹ́.

Tèmi ni pé ibí yìí gan-an ni wọ́n ti kù gììrì. Ohun tí ìwé sọ nípa odindi irin kọ́ ló yẹ kí wọ́n wò, bí kò ṣe ohun tí ìyẹ̀fun irin náà ń ṣe nínú erùpẹ̀ tó tutù. Nígbà tí olùwádìí Nikolay Strigul àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pò ó mọ́ erùpẹ̀, tí wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2005, wọ́n rí i pé tungsten ń sọ ilẹ̀ di kíkan, ó ń yọ́, ó sì ń pa ekòló àti ewéko bó bá ti pọ̀. Lọ́dún yẹn kan náà, Kalinich àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí ológun kan ròyìn pé àwọn eku tí wọ́n fi irin tungsten tó ní nickel àti cobalt sí lára ní àrùn jẹjẹrẹ. Kò sí nickel tàbí cobalt nínú ọta Camp Edwards, ẹ jẹ́ ká ṣòótọ́, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ dúró kó máa ya irin sọ́tọ̀ nígbà tí wọ́n ti rí tungsten nínú omi abẹ́ pápá náà? Massachusetts dá a dúró lọ́dún 2006.

Ẹ wá gbọ́ ìyókù. Lọ́dún 2007, òjé tí wọ́n lé lọ padà dé. Wọ́n gbà kí wọ́n yìn ín bí wọ́n bá ti fi ohun èlò onírọ́bà há ọta mọ́lẹ̀ lẹ́yìn àmì, kí òjò má lè dé ibẹ̀, kí wọ́n sì lè kó o jáde. Ọta burúkú tí a mọ ibi tó wà sàn ju ọta dáadáa tó ti wọlẹ̀ lọ.

Ní Picatinny Arsenal, ilé iṣẹ́ ohun ìjà ológun ní New Jersey, iṣẹ́ ṣì ń lọ lórí ọta aláìlójé. Wọ́n gbìyànjú àdàlù bismuth àti tin, ṣùgbọ́n lọ́dún 2009 wọ́n rí i pé bí ooru bá mú un, ọta náà kì í lọ tààrà mọ́. Bàbà ni wọ́n wá fi dípò rẹ̀, tí wọ́n gbé irin ṣóńṣó sí iwájú. Bí M855A1, arọ́pò M855, ṣe dé Afganísítánì nìyẹn lọ́dún 2010. Àwọn Marines, ẹ̀ka ológun Amẹ́ríkà mìíràn, kò gbà á nígbà yẹn, ọta tiwọn ni wọ́n mú. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ìfẹ́ ekòló ló tà á fún àwọn ọ̀gágun: ó ń la irin kọjá ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ìyẹn ni wọ́n fi fọwọ́ sí i.

Ní Norway, ẹ̀dọ̀fóró ni wàhálà tiwọn. Àwọn ṣọ́jà tó ń yin ọta aláìlójé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìsàn ibà, wọ́n ń wúkọ́, ara ń ro wọ́n, nítorí èéfín bàbà àti síǹkì tó ń jáde lẹ́nu ìbọn.

Lọ́dún 2017, Ilé Iṣẹ́ Ààbò Amẹ́ríkà tún kéde pé ẹni tó bá lè ṣe ọta ìdánrawò tó ń jẹrà, tó sì ní irúgbìn nínú, kó wá bá wọn sọ̀rọ̀. Inú àwọn oníròyìn dùn sí i gan-an. Èmi ò rí i bí ewéko yóò ṣe yanjú ọ̀rọ̀ RDX.

Camp Edwards ló tún wá gba iwájú. Àwọn National Guard ti Massachusetts fẹ́ ṣe pápá fún ìbọn arọ̀jò-ọta, wọ́n ní ọta bàbà ni àwọn máa yìn níbẹ̀, kò sí òjé nínú rẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2023, EPA gbé àbọ̀ ìwádìí rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde: lójú tiwọn, ọta bàbà tó ju mílíọ̀nù kan lọ lọ́dọọdún, pẹ̀lú etù tó ń tì í jáde, ti pọ̀ jù lórí omi tí kò ní arọ́pò. Àwọn ológun náà ní àwọn kò gbà.