Ta Ló Ń Dá Ọmọ Lóhùn?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya ọjà Bódìjà n'Ìbàdàn ná, ká tó débi ọ̀rọ̀ ọmọ ọwọ́. Ẹ dúró lọ́dọ̀ ìyá aláta. Ẹ bi í pé èló ni òkìtì kan, ó dá owó lé e. Ẹ ní, "Há! Ó ti wọ́n jù." Ó wò yín lójú, ó fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ máa rà lóòótọ́ àbí ẹ kàn ń kọjá lọ ni. Ó ní, "Èló lẹ fẹ́ san, oníbàárà mi?" Ẹ dá tiyín. Ó rẹ́rìn-ín, ó dín in díẹ̀. Ẹ̀yin náà fi díẹ̀ lé tiyín. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá wọ̀, á bu ata mélòó kan lé e, á ní ènì yín nìyẹn. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí ìyá yìí sọ pátá, ohun tẹ́ ẹ sọ tàbí tẹ́ ẹ fojú sọ ló pè é jáde.

Nínú ọjà yìí kan náà, mọ́tò tó gbé gbohùngbohùn lórí ń rọra kọjá lọ. Ó ń polówó oògùn jẹ̀díjẹ̀dí. Ohùn inú rẹ̀ já gaara, orin sì wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Àmọ́ bí ẹ bá pariwo títí pé kó dín owó rẹ̀, kò ní gbọ́. Wọ́n ti gba ohùn náà sílẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Bí ọjà bá kún, bí ọjà bá tú, ohun kan náà ni yóò máa wí.

Ẹ̀yin aládùúgbò mi, ìyá aláta àti mọ́tò onígbohùngbohùn yìí ni mo fẹ́ fi bá yín sọ̀rọ̀ lórí fídíò tí wọ́n ń ṣe fún ọmọ ọwọ́, tí wọ́n ní ó ń mú ọpọlọ ọmọ jí pépé. Ẹ mọ irú rẹ̀. Àwọ̀ tó ń tàn yòò, ẹranko tó ń jó, nọ́ńbà tó ń fò sókè sódò. Bí ọbẹ̀ bá wà lórí iná, tí ọmọ sì ń ké, a ó gbé fóònù lé e lọ́wọ́, ilé á pa lọ́lọ́. Kò sí ìyá tí mo lè bá wí lórí ìyẹn, torí iṣẹ́ ilé pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi ara wa bóyá ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 ń rí ẹ̀kọ́ kọ́ níbẹ̀. Èsì tèmi ni pé ohun tó ń rí kọ́ kò tó nǹkan, nítorí pé ìdúnàádúrà ni ọmọdé fi ń ra ọ̀rọ̀, fídíò kò sì mọ̀ ọ́n ṣe.

Ẹ wo ọmọ oṣù 11 tó jókòó lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ̀ nínú àgbàlá. Adìẹ kan ń ṣa àgbàdo jẹ. Ọmọ na ìka sí i, ó ní, "Dì!" Ìyá ní, "Adìẹ ni! Adìẹ ń jẹ àgbàdo." Ọmọ wo ẹnu ìyá, ó wo adìẹ, ó tún wo ẹnu ìyá. Ó ní, "Dìẹ." Ìyá ní, "Ẹ̀n-ẹ́n! Adìẹ." Ọmọ ló kọ́kọ́ dá owó tiẹ̀, ìyá kò kọ̀ ọ́, ó fi díẹ̀ lé e, ọmọ náà fi díẹ̀ lé tiẹ̀, wọ́n sì fẹnu kò. Bí ọmọ bá yíjú sí ewúrẹ́, ìyá á fi adìẹ sílẹ̀, á gbé ewúrẹ́ sọ̀rọ̀. Bí ojú ọmọ bá ti ń rẹ̀ dòò, ìyá á palẹ̀ ọjà mọ́, á pọ̀n ọ́n.

Fídíò kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Á máa wí pé "Erin nìyí!" nígbà tó jẹ́ pé fáànù ni ọmọ ń wò. Á béèrè pé, "Ajá dà?" á dúró díẹ̀, á sì pàtẹ́wọ́ pé, "O káre láé!" bẹ́ẹ̀ ọmọ kò la ẹnu. Ó ń yin ẹni tí kò rí.

Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni òwò fídíò ọmọ ọwọ́ ti kọ́kọ́ gbilẹ̀. Lọ́dún 1993, àwọn olùwádìí kan gbé ìwádìí jáde pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó gbọ́ orin Mozart fún ìṣẹ́jú 10 ṣe dáadáa sí i nínú ìdánwò kan tó jẹ mọ́ fífojú inú wo bí nǹkan ṣe rí. Akẹ́kọ̀ọ́ 36 péré ni, kò sí ọmọ ọwọ́ kankan láàárín wọn, agbára orin náà kò sì ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 lọ tó fi pòórá. Síbẹ̀ ìròyìn gbé e kiri títí ó fi di pé orin Mozart ń sọ ọmọ ọwọ́ di ọlọ́gbọ́n. Lọ́dún 1998, Gómìnà Zell Miller ti ìpínlẹ̀ Georgia béèrè owó láti fún gbogbo ọmọ tuntun ìpínlẹ̀ náà ní orin irú èyí. Ní ìpínlẹ̀ yìí kan náà, láàárín ọdún wọ̀nyẹn, ni Julie Aigner-Clark, tó ti ṣe olùkọ́ rí, dá Baby Einstein, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe fídíò ọmọ ọwọ́, sílẹ̀ nínú ilé rẹ̀. Nígbà tó di 2001, Disney ra òwò náà lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́dún 2009, lẹ́yìn tí àwọn tó ń gbèjà ọmọdé ti pariwo títí pé kò sí ẹ̀rí pé fídíò wọ̀nyí ń kọ́ ọmọ ní nǹkan kan, Disney gbà láti dá owó padà fún òbí tó bá fẹ́: 15.99 dọ́là lórí àwo fídíò kọ̀ọ̀kan, kò gbọdọ̀ ju àwo 4 lọ fún ilé kan.

Ohun tí àwọn onímọ̀ wá rí ńkọ́? Èyí tó dá mi lójú jù ni ti Judy DeLoache àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tó jáde lọ́dún 2010. Wọ́n kó àwọn ọmọ oṣù 12 sí 18 jọ, wọ́n sì pín wọn sí ọ̀nà mẹ́rin. Àwọn kan ń dá wo fídíò tó ń kọ́ni lọ́rọ̀ nílé, léraléra, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Àwọn kan ń wò ó pẹ̀lú òbí wọn. Àwọn kẹta kò wo fídíò rárá: wọ́n kàn fún òbí ní ọ̀rọ̀ 25 tó wà nínú fídíò náà, wọ́n ní kó máa fi kọ́ ọmọ bó bá ṣe rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Àwọn kẹrin kò wò ó, ẹnikẹ́ni kò sì fi ọ̀rọ̀ náà kọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, àwọn tó wo fídíò kò ju àwọn kẹrin lọ. Àwọn tí òbí wọn fẹnu ara wọn kọ́ ló borí. Ó sì ku ohun kan: bí òbí bá ṣe fẹ́ràn fídíò náà tó ló ṣe ń gbà pé ọmọ òun ti kọ́ nǹkan tó, bẹ́ẹ̀ ọmọ kò kọ́ ọ.

Ọ̀kan tún wà tó yẹ kó wọ àwa tí èdè wa kún fún àmì ohùn lára. Ní Seattle, Patricia Kuhl àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú àwọn ọmọ oṣù 9 tó jẹ́ pé èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n ń gbọ́ nílé. Àwọn tó ń sọ èdè Ṣáínà bá wọn ṣeré, wọ́n kàwé fún wọn, ìgbà 12, ìṣẹ́jú 25 lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ọmọ yìí lè fetí ya àwọn ìró Ṣáínà kan sọ́tọ̀ bí ọmọ tí wọ́n bí ní Taiwan. Wọ́n wá fi fídíò àwọn èèyàn yìí kan náà han àwọn ọmọ mìíràn, fún iye àkókò kan náà. Wọn kò mú nǹkan kan níbẹ̀. Ọdún 2003 ni èsì yìí jáde. Ẹ rí i pé ìró kò yàtọ̀, ojú tó ń sọ ọ́ kò yàtọ̀. Àmọ́ ọ̀kan jẹ́ ìyá aláta, èkejì jẹ́ mọ́tò onígbohùngbohùn.

Aládùúgbò mi kan lè ní, "Ọmọ tèmi ń ka A títí dé Z látinú fídíò!" Mo gbà. Ọmọ inú ọjà náà mọ orin oògùn jẹ̀díjẹ̀dí lórí, láìmọ ohun tí oògùn náà ń wò. Kíkà lórí kò tíì di mímọ̀. Bí ọmọ bá sì tẹjú mọ́ fídíò láìṣẹ́jú, kì í ṣe pé ó yé e. Ojú ọmọ kì í lè kúrò lára ohun tó ń tàn, tó sì ń yí padà ní kíákíá.

Àwọn kan ti lọ jìnnà ju èmi lọ. Lọ́dún 2007, ìwádìí kan láti Yunifásítì Washington fi hàn pé láàárín àwọn ọmọ oṣù 8 sí 16, wákàtí kọ̀ọ̀kan tí ọmọ ń fi wo fídíò ọmọ ọwọ́ lójúmọ́ ń bá ọ̀rọ̀ 6 sí 8 tí ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ̀, tí òun kò tíì mọ̀, rìn. Orí tẹlifóònù ni wọ́n ti bi òbí léèrè, irú ìyẹn kò sì lè fi hàn pé fídíò ló fà á. Ó lè jẹ́ pé òbí tí ọmọ rẹ̀ pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀ ló ń sáré ra fídíò. Nítorí náà, n kò ní sọ fún yín pé fídíò ń ba ọpọlọ ọmọ jẹ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé ó ń gba àkókò tí ọmọ ì bá fi dúnàádúrà. Lọ́dún 2009, wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré tó ń gba ohùn sílẹ̀ sára àwọn ọmọ oṣù 2 sí 48. Wákàtí kọ̀ọ̀kan tí tẹlifíṣọ̀n fi ń sọ̀rọ̀ nítòsí ọmọ, nǹkan bí ọ̀rọ̀ 770 ló ń dín kù nínú ohun tó ń gbọ́ lẹ́nu àgbà. Nígbà tí gbohùngbohùn bá ń pariwo, aláta pàápàá á dákẹ́.

Ṣé gíláàsì fóònù ni ọ̀tá, àbí àìdáhùn? Ìdánwò kan tí Georgene Troseth àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe lọ́dún 2006 dáhùn èyí. Wọ́n gbé ohun ìṣeré pamọ́ sínú yàrá kan, obìnrin kan sì sọ ibi tó wà fún ọmọ ọdún 2, láti orí tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tó jẹ́ ohùn tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ ni, ọ̀pọ̀ ọmọ wọ yàrá náà, wọn kò sì mọ ibi tí wọn yóò wò. Ṣùgbọ́n nígbà tó jẹ́ pé obìnrin náà ti kọ́kọ́ fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 5 bá ọmọ ṣeré láti orí tẹlifíṣọ̀n náà, tó pe orúkọ rẹ̀, tó bi í léèrè, tó sì dá a lóhùn, ọmọ gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́, ó lọ gbé ohun ìṣeré rẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n kan náà ni. Ìdúnàádúrà ló wọ inú rẹ̀.

Ìdí nìyí tí ìpè olójú-kojú lórí WhatsApp kì í fi ṣe ẹgbẹ́ fídíò. Ìyá àgbà tó wà n'Ìbàdàn, tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ wà ní Peckham, bó bá pè é, tó ń ki í ní oríkì, tí ọmọ rẹ́rìn-ín, tí òun náà sì tún bẹ̀rẹ̀ oríkì torí ẹ̀rín yẹn, aláta ló ń bá a nájà, bí òkun tilẹ̀ wà láàárín wọn. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọmọdé Amẹ́ríkà rí èyí. Lọ́dún 2016, wọ́n ní kí ọmọ tí kò tíì pé oṣù 18 má wo fóònù tàbí tẹlifíṣọ̀n, àfi ìpè olójú-kojú nìkan. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ lọ́dún 2019 pé kí ọmọ ọdún 1 má jókòó ti tẹlifíṣọ̀n rárá, kí ti ọmọ ọdún 2 sí 4 má sì ju wákàtí 1 lọ lójúmọ́.

Bí ọmọ bá ti ń súnmọ́ ọdún 3, ọ̀rọ̀ yí padà. Ó ti ra ọ̀rọ̀ tó pọ̀ tó láti mọ ohun tí gbohùngbohùn ń wí. Sesame Street, ètò tẹlifíṣọ̀n tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1969, ọmọ ọdún 3 sí 5 ni wọ́n dìídì ṣe é fún, ó sì ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́. A rí tiwa náà, Sesame Square, níbi tí Zobi awakọ̀ takisí ti ń fi gbogbo ara fẹ́ iṣu. Ẹ jẹ́ kí ọmọ tó tó bẹ́ẹ̀ wò ó, kẹ́ ẹ sì jókòó tì í. Bí wọ́n bá fi iṣu hàn, ẹ mú un lọ sí ibi tí iṣu wà nílé, kó fọwọ́ kàn án.

Ní ti ọmọ ọwọ́, bí ọbẹ̀ bá wà lórí iná, ẹ fún un ní ṣíbí àti abọ́ tí kò lè fọ́, ẹ gbé e síbi tí iná kò ti lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kẹ́ ẹ máa sọ ohun tẹ́ ẹ ń ṣe fún un: "Mò ń ge àlùbọ́sà. Ó ń ta mí lójú." Bó bá gbá abọ́, ẹ dá a lóhùn. Bó bá ní "bu," ẹ bi í pé, "Kí lo wí?" kẹ́ ẹ sì dúró gbọ́. Bí ó bá rẹ̀ yín gan-an lọ́jọ́ kan, tẹ́ ẹ gbé fóònù fún un fún ìgbà díẹ̀, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀, kẹ́ ẹ kàn má pè é ní ilé-ẹ̀kọ́. Dátà tẹ́ ẹ sì fẹ́ fi wa fídíò ọmọ ọwọ́ jáde, ẹ fi pe ìyá àgbà.