Olójú Mẹ́rin: Òwìwí Kékeré Orí Òkè Éṣíà

Nínú gbogbo òwìwí tó wà ní Éṣíà, kò sí èyí tó kéré tó Taenioptynx brodiei. Láti orí dé ìrù, kò ju sẹ̀ǹtímítà 15 sí 17 lọ, nǹkan bíi gíráàmù 60 ló sì wọ̀n, ìyẹn ni pé kò wúwo ju ẹyin adìẹ kan lọ. Orí rẹ̀ rí róbótó, ẹyinjú rẹ̀ láwọ̀ ìyeyè, ìlà funfun kan sì yí i lọ́rùn ká. Igbó orí òkè nilé rẹ̀: láti àríwá Pakistan, gba ẹ̀gbẹ́ òkè Himalaya kọjá ní Íńdíà, Nepal àti Bhutan, wọ Myanmar, gúúsù Ṣáínà, Taiwan, Thailand, Laos àti Vietnam, títí dé Malaysia.

Òru kọ́ ni òwìwí yìí gbára lé. Ojúmọmọ ló máa ń ṣọdẹ, ó sì lè máa ké lọ́sàn-án gangan. Tata, alángbá, eku àti ẹyẹ wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ ni oúnjẹ rẹ̀. Kékeré rẹ̀ kò dá a dúró rárá, torí ó máa ń pa ẹyẹ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó òun fúnra rẹ̀.

Ìpàkọ́ rẹ̀ ni ohun tó yani lẹ́nu jù wà. Ìyẹ́ ibẹ̀ ya ojú kejì: àmì dúdú méjì dúró fún ẹyinjú, ìlà funfun sì wà lókè wọn. Ẹni tó bá wà lẹ́yìn rẹ̀ lè rò pé iwájú lòun wà. Àwọn onímọ̀ gbà pé ọgbọ́n ààbò ni, èmi náà kò sì rí ìdí mìíràn tó dára jù ú lọ. Àwọn ẹyẹ kéékèèké kì í fẹ́ rí i sójú. Bí wọ́n bá ti rí i lọ́sàn-án, wọn á pe ara wọn jọ, wọn á pariwo lé e lórí, wọn á sì máa fò ṣùrù bò ó títí yóò fi kúrò níbẹ̀. Èyí tó bá fẹ́ gba ẹ̀yìn yọ sí i yóò bá ojú pàdé. Irú ojú ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀ wà lára Glaucidium perlatum náà, òwìwí kékeré tó ń gbé pápá ọ̀dàn Áfíríkà, títí kan ti Nàìjíríà.

Ohùn rẹ̀ dà bí ẹni ń súfèé: pú, pu-pú, pú. Bó ti ń ké ló ń yí orí, tí èèyàn kò fi ní mọ ibi tí ohùn náà ti ń wá. Àwọn tó máa ń wo ẹyẹ nínú igbó ti mọ èrè tó wà níbẹ̀: wọn á súfèé bíi tirẹ̀, àwọn ẹyẹ kéékèèké á sì ya dé láti wá ọ̀tá wọn.

Kì í kọ́ ìtẹ́. Inú ihò tí àkókó ti gbẹ́ sára igi ló ń yé ẹyin 3 sí 5 sí, láìtẹ́ nǹkan kan síbẹ̀.

Edward Burton, dókítà ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì, ló kọ̀wé nípa rẹ̀ lọ́dún 1836, tó sì fi orúkọ Benjamin Brodie, oníṣẹ́ abẹ, sọ ọ́. Robert Swinhoe, onímọ̀ nípa ẹyẹ tó jẹ́ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, kọ nípa ti Taiwan lọ́dún 1863. Tẹ́lẹ̀, wọ́n máa ń ka àwọn ti Sumatra àti Borneo mọ́ ọn. Ní báyìí, wọ́n ti yà wọ́n sọ́tọ̀, torí ohùn wọn kò bára mu.

Àjọ IUCN, tó ń rí sí ìdáàbòbò ẹ̀dá, kò kà á mọ́ àwọn ẹyẹ tó wà nínú ewu. Ṣùgbọ́n ní Íńdíà, òwìwí ni ẹyẹ tí òrìṣà ọrọ̀, Lakshmi, ń gùn, àwọn kan sì máa ń fi òwìwí ṣètùtù nígbà ọdún Diwali, tí ọjà àwọn tó ń dẹ pàkúté fún wọn fi ń tà. Láti ọdún 1972 ni òfin ìdáàbòbò ẹranko igbó ti wà níbẹ̀, ó sì ka òwò òwìwí léèwọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá fi òwìwí lọ̀ yín lọ́jà kan níbẹ̀, ẹ̀wọ̀n ló fẹ́ tà fún yín.